Ìsọdipúpọ̀ Kọ́ Ni Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ìṣeéṣe

Ó ti pẹ́ tí èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn olùkọ́ ìṣirò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa, tí ó ti di ohun tí olùkọ́ ń gbà lọ́wọ́ olùkọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí àwọn òǹkọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún àwọn ọmọ, tí àwọn òbí tí ń sanwó ẹ̀kọ́ àfikún náà sì ń béèrè fún un: èrò náà ni pé, nígbà tí ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe bá kan ọmọ, òfin méjì péré ni kí á fi lé e lọ́wọ́, pé níbi tí ìbéèrè bá ti wí pé “àti”, kí ó fi iye kan sọ èkejì di púpọ̀, níbi tí ó bá sì ti wí pé “tàbí”, kí ó rò wọ́n pọ̀, kí á sì fi ìṣeéṣe oníkání, èyíinì ni ìṣeéṣe ohun kan nígbà tí a ti mọ̀ pé ohun mìíràn rí báyìí, pamọ́ fún ìwọ̀nba àwọn tí yóò bá ìṣirò lọ jìnnà. Mo lòdì sí èrò yìí tọkàntọkàn. Kì í ṣe pé òfin méjèèjì jẹ́ irọ́. Òótọ́ ni wọ́n ní ààyè wọn. Ṣùgbọ́n ààyè náà há púpọ̀ ju bí a ti ń wí fún àwọn ọmọ lọ, ẹni tí a bá sì fi oko lé lọ́wọ́ láìfi ààlà hàn án, oko olóko ni yóò ro.

Àwọn tí ó di èrò yìí mú kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe òpè. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kọ́ ọmọ tí ó kún yàrá títí dé ẹnu ọ̀nà, tí kò sì sí ohun èlò kan lọ́wọ́ wọn ju ẹfun àti pátákó lọ. Wọ́n ní ìṣeéṣe oníkání le jù fún ọmọ. Wọ́n ní àgbàlagbà tí ó gboyè ní yunifásítì pàápàá ń ṣì í. Wọ́n ní kọ́bọ̀ tí a ta sókè àti dáìsì olójú mẹ́fà mọ́ gaara, kò sí ẹni tí yóò bá ẹnì kejì jiyàn lé wọn lórí. Bí ọmọ bá sì ti mọ ìsọdipúpọ̀ dájú, ìyókù kò níí sá lọ, yóò bá a bí ó bá dàgbà. Ìwé ìlànà WAEC gbè wọ́n lẹ́yìn: nínú ìṣirò gbogbogbòò tí gbogbo ọmọ ń ṣe, ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ ìṣeéṣe ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ “àti” òun “tàbí”, inú Further Mathematics ni a ti ń dárúkọ oníkání. Lóòótọ́, wọ́n ń kọ́ gbogbo ọmọ ní bí a ti ń mú bọ́ọ̀lù méjì kúrò nínú àpò láìdá èkíní padà, oníkání sì ni èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé a kò sọ fún wọn pé òun ni, wọn a kà á sí ọgbọ́n orí bọ́ọ̀lù nìkan, wọn kò sì ní rántí rẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ti kúrò nídìí àpò.

Ohun tí èmi ń wí ni pé kò sí ìṣeéṣe kan lábẹ́ ọ̀run tí kì í ṣe oníkání. Ẹni tí ó wí pé ìdajì ni ìṣeéṣe pé kọ́bọ̀ yóò dorí kodò, ohun tí ó mọ̀ ni ó gùn lé: ó mọ̀ pé ojú méjèèjì dọ́gba, pé ẹni tí ó ta á kò ní ọgbọ́n àyínìke lọ́wọ́. Bí a bá gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, iye náà wó lulẹ̀. Ìdádúró sì wá ńkọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní *independence*, pé ṣíṣẹ̀ ohun kan kò dín ìṣeéṣe ohun kejì kù, kò sì fi kún un? Ẹ̀rí ni; kì í ṣe ohun tí a ń bá lójú ìbéèrè. Ẹni tí ó bá wí pé ohun méjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti jẹ́rìí nípa ayé, ó sì yẹ kí á bi í pé ibo ni ó ti rí i. Nínú ayé tí a ń gbé yìí, ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Ohun tí ó so pọ̀ ni ó pọ̀ jù, ohun tí ó dá dúró ni ó ṣọ̀wọ́n. Ètò ẹ̀kọ́ wa wá sọ ohun tí ó ṣọ̀wọ́n di ìpìlẹ̀, ó sọ èyí tí ó pọ̀ di àfikún, ó sì ń rán ọmọ wọ inú ayé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ohun gbogbo ń dá nìkan rìn.

Àwọn àgbà a máa wí pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe tí ọmọ Yorùbá ti gbọ́ láti kékeré ni èyí, ìṣeéṣe oníkání sì ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó pa òwe náà ń fi ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ díwọ̀n ohun mìíràn. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé àjèjì ni oníkání sí ọmọ: ó ti wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí ó tó mọ àbídí. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ láti fi kún un ni kíkà. Kí ó pín pátákó sí ojúlé mẹ́rin: òru tí àjẹ́ ké tí ọmọ kan sì kú ní àdúgbò ní ọjọ́ kejì; òru tí ó ké tí ọmọ kankan kò kú; òru tí kò ké tí ọmọ sì kú; òru tí kò ké tí ọmọ kò sì kú. Ojúlé kan ṣoṣo ni òwe náà ṣí fún wa. Ó ṣí ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀.

Ká sọ pé a ka òru 100 ní àdúgbò kan ní ayé àtijọ́, nígbà tí ikú ọmọdé kò jìnnà sí agbo ilé ẹnikẹ́ni. Pé àjẹ́ ké ní òru 20 nínú wọn, tí ọmọ kú ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn 5. Pé kò ké ní òru 80, tí ọmọ kú ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn 20. Kí olùkọ́ wá béèrè pé, nígbà tí àjẹ́ ké, ìdá mélòó ni ọmọ kú? Ìdá 1 nínú 4. Nígbà tí kò ké ńkọ́? Ìdá 1 nínú 4 náà ni. Igbe kò fi nǹkan kan kún ohun tí a mọ̀, kò sì yọ nǹkan kan kúrò: èyí gan-an ni ìdádúró, ọmọ sì ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìsọdipúpọ̀ fún un. Ní ìparí ni kí olùkọ́ tó fi hàn án pé 20 nínú 100, tí a fi 25 nínú 100 sọ di púpọ̀, já sí 5 nínú 100, èyí tí í ṣe iye tí ó wà ní ojúlé àkọ́kọ́. Òfin “àti” jáde wá fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ inú ìdádúró. Kì í tún ṣe baba rẹ̀ mọ́. Kí olùkọ́ sì yí iye náà padà, kí ọmọ kú lẹ́yìn 15 nínú òru 20 tí àjẹ́ ké, kí àwọn ọmọ rí i pé ohun méjèèjì ti so pọ̀ báyìí, pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ìsọdipúpọ̀ ṣe é, irọ́ ni yóò pa. Síbẹ̀síbẹ̀, kí ó má jẹ́ kí wọ́n sáré dájọ́ ikú fún ẹyẹ tí a pè ní àjẹ́ yìí. Bí ó bá jẹ́ àkókò òjò ni ẹyẹ náà máa ń ké jù, àkókò òjò náà sì ni ẹ̀fọn ń pọ̀ tí ibà ń pa ọmọ, ìsopọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ẹyẹ kò sì mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọ̀ràn tí ó tún wúwo ju òwe lọ wà ní àárín wa, tí ń mú ẹkún wọ ilé. Àrùn tí àwọn baba wa pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní SS, kò ṣe àjèjì sí ìdílé púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí pé ó tó ọmọ 150,000 tí a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, àti pé bí ìdá 1 nínú 4 àwọn ará ilẹ̀ yìí ni ó gbé àbùdá rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn, àwọn tí à ń pè ní AS. Bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, ìdá 1 nínú 4 ni ìṣeéṣe pé yóò jẹ́ AA, ìdá 2 nínú 4 pé yóò jẹ́ AS bí àwọn òbí rẹ̀, ìdá 1 nínú 4 pé yóò jẹ́ SS. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa há èyí sórí nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì, ó gba máàkì lórí rẹ̀, ó sì jáde sínú ayé tí ọ̀pọ̀ òbí ti gbà gbọ́ pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó bá tẹ̀lé e ti bọ́, nítorí pé dókítà ni ó wí pé ọ̀kan nínú mẹ́rin.

Inú ìyá kò ní ìwé ìṣirò. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí oyún bá sọ, baba fi ọ̀kan nínú àbùdá rẹ̀ méjì sílẹ̀, ìyá fi ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀tun ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n kò sì kan àbúrò. Níhìn-ín ni ìdádúró wà ní tòótọ́, a sì mọ ìdí tí ó fi wà; a lè fi ìsọdipúpọ̀ ṣe é láìbẹ̀rù. Bí a bá kó irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ 256 jọ, tí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan bí ọmọ mẹ́rin, ohun tí ó yẹ kí á máa retí ni pé ilé 81 kò ní rí SS kankan, ilé 108 yóò rí ẹyọ kan, ilé 54 yóò rí méjì, ilé 12 yóò rí mẹ́ta, ilé kan yóò sì rí i lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé 67 nínú 256 ni yóò rí ju ẹyọ kan lọ. Ó ju ìdá 1 nínú 4 gbogbo wọn. Iye 256 yìí, ẹni tí ó bá mọ agbo Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, akéréfinúṣọgbọ́n, kò ní ṣàìdá a mọ̀, nítorí òun ni iye Odù Ifá: èso mẹ́jọ tí ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú méjì, ni ó bí i. Ìṣirò bí ohun tí ó dá dúró ti ń gbilẹ̀ ti wà nílẹ̀ wa kí ilé ẹ̀kọ́ girama tó dé.

Ẹ jẹ́ kí á tún mú ọmọ kan láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó ti pé ogún ọdún, ara rẹ̀ le koko, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe SS, ó sì ń wá aya. Kí ni ìṣeéṣe pé ó jẹ́ AS? Ẹni tí ó kọ́ òfin méjì péré yóò dáhùn pé ìdajì, nítorí pé 2 nínú 4 ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọmọ 400 tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bí: 100 yóò jẹ́ AA, 200 AS, 100 SS. Ọmọkùnrin wa kò sí lára àwọn 100 ìgbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ yọ wọ́n kúrò. Ó ku 300, 200 nínú wọn sì jẹ́ AS: ìdá 2 nínú 3 ni ìdáhùn. Ìyàtọ̀ ìdajì sí ìdá 2 nínú 3 kì í ṣe eré ọmọdé lójú ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí òun ń gbé lọ sí ilé àna, kò sì sí ìsọdipúpọ̀ kan nínú ọ̀nà tí a gbà rí i. Kíkà àti yíyọkúrò ni, èyí tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe.

Ó tún ku ohun kan nínú ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ yìí tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi sọ́kàn. Bí ìdá 1 nínú 4 bá jẹ́ AS, tí ọkùnrin àti obìnrin sì ń fẹ́ ara wọn láìwo ẹ̀jẹ̀, a lè fi ìdá 1 nínú 4 sọ ìdá 1 nínú 4 di púpọ̀, kí á wí pé ìgbéyàwó 1 nínú 16 ni yóò pa AS pọ̀ mọ́ AS. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè ti rí láyé àwọn baba ńlá wa. Ṣùgbọ́n ní òde òní, ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mú ìwé ẹ̀rí jẹ́nótáìpù wá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń béèrè rẹ̀ kí ìfẹ́ tó wọra. Láti ọjọ́ tí ìbéèrè yẹn ti wọ ààrin wọn ni ẹ̀jẹ̀ ọkọ àti ẹ̀jẹ̀ ìyàwó kò ti dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọkọ jẹ́ AS ti mọ nǹkan nípa ìyàwó pẹ̀lú. Iye 1 nínú 16 ti di irọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ náà “àti” tí yóò kìlọ̀ fún ọmọ pé ó ti di irọ́. Ayé ni ó yí padà. Gírámà ìbéèrè kò yí padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá, kí ó yẹ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba wò. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ dá Sally Clark lẹ́bi, obìnrin kan tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò, pé ó pa àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì ní ọmọ ọwọ́, èyí èkíní ní 1996, èyí èkejì ní 1998. Oníṣègùn àwọn ọmọdé tí òkìkí rẹ̀ kàn, Roy Meadow, jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ pé nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ọmọ ọwọ́ 1 nínú 8,543 ni ó ń kú ikú àìròtẹ́lẹ̀ tí a kò rí ìdí rẹ̀. Pé bí ó bá jẹ́ ọmọ méjì, kí á fi iye náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ó sì di 1 nínú bíi mílíọ̀nù 73. Òfin “àti” nìyẹn, tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó dúró níwájú adájọ́ pẹ̀lú agbádá ọ̀mọ̀wé lọ́rùn. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ọmọ méjì yìí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ń ṣàn lára wọn, ọwọ́ kan náà ni ó tọ́jú wọn. Bí ohun kan bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú ilé tí ó pa èkíní, ó yẹ kí ìbẹ̀rù pọ̀ sí i fún èkejì. Ta ni ó jẹ́rìí pé ikú méjèèjì dá dúró? Kò sí ẹni tí ó jẹ́ ẹ.

Àṣìṣe tí ó burú ju ìyẹn lọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí iye náà tilẹ̀ tọ́, ìṣeéṣe tí ó sọ ni pé ọmọ méjì yóò kú báyìí bí ìyá wọn bá jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ̀ ni ìṣeéṣe pé ìyá jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀ nígbà tí ọmọ méjì ti kú. Ọ̀nà jìn láàrin àwọn méjèèjì. Kí á tó mọ èyí èkejì, a gbọ́dọ̀ wọn ikú àìròtẹ́lẹ̀ méjì, tí ó ṣọ̀wọ́n, mọ́ pípa tí ìyá ń pa ọmọ rẹ̀ méjì, tí òun náà ṣọ̀wọ́n gidigidi. Kò sí ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n kejì yẹn síwájú ìgbìmọ̀. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò-ètò ìlú náà, Royal Statistical Society, kọ̀wé síta pé iye náà kò ní ìpìlẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003 ni a tú obìnrin náà sílẹ̀, lẹ́yìn tí èsì àyẹ̀wò kan tí a kò fi han àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ jáde sí gbangba. Ó kú ní 2007.

Ìyá àgbà ní Ìgbó-Ọrà, tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ rí, ì bá ti dá ọ̀mọ̀wé yẹn lóhùn. Agbègbè yẹn ni òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn káyé. Nígbà tí Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ka ìbímọ níbẹ̀, ìbejì ju 40 lọ nínú ìbímọ 1,000. Bí a bá bi ìyá àgbà yìí bóyá kí á fi iye yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ láti mọ iye obìnrin tí yóò bí ẹ̀jìrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ilé tí ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn bá ti yà rí, wọ́n sáàbà ń tún yà á, pé obìnrin tí ó ti bí wọn lẹ́ẹ̀kan súnmọ́ àtibí wọn lẹ́ẹ̀kejì ju ẹni tí kò bí wọn rí lọ. Àwọn oníṣègùn sì wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìmọ̀ ìsopọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó wọ kíláàsì. Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ètò ẹ̀kọ́ wa ni pé ó gba ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ ọmọ, ó sì fi ìsọdipúpọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n ní ó le. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ àgbà ń ṣì í. Ní ọdún 1978, a tẹ ìwádìí kan jáde tí a ti bi àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 60 ní Harvard pé: bí àrùn kan bá ń ṣe ẹnì 1 nínú 1,000, tí àyẹ̀wò rẹ̀ sì ń purọ́ mọ́ ẹni 5 nínú 100 àwọn tí ara wọn le, kí ni ìṣeéṣe pé ẹni tí àyẹ̀wò mú ní àrùn náà ní tòótọ́? Ẹni 11 péré ni ó gbà á. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù dáhùn pé 95 nínú 100. Àwọn tí mò ń bá jiyàn a máa fi irú ìtàn báyìí gbe ara wọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni ó ń jẹ́rìí sí. Àwọn 60 wọ̀nyí kọ́ ìṣirò ju ọmọ wa èyíkéyìí lọ. Ohun tí a kò kọ́ wọn ní kékeré ni kíkà. Ẹ ka ènìyàn 1,000: ẹnì 1 ní àrùn, àyẹ̀wò sì mú un, nínú 999 tí ó kù, yóò purọ́ mọ́ bí 50. Àwọn tí a mú jẹ́ 51, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni aláìsàn. Kò tó 2 nínú 100. Gerd Gigerenzer, onímọ̀ ìhùwàsí kan ní Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé bí a bá gbé irú ìbéèrè báyìí kalẹ̀ ní iye ènìyàn dípò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ń gbà á ń pọ̀ sí i gidigidi. Nítorí náà, ọ̀nà tí a fi ń kọ́ni ni ó le, oníkání fúnra rẹ̀ kò le. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni.

N óò sọ ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn, tí ó ti ọ̀dọ̀ Ruma Falk wá, ẹni tí ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù nígbà ayé rẹ̀, tí mo fi obì ilẹ̀ wa ṣe. Ẹ fi obì ifin méjì àti obì ipa méjì sínú àpò. Ẹ ní kí ọmọ mú ẹyọ kan láìwò ó, kí ó dì í mọ́ ọwọ́ òsì; kí ó tún mú èkejì, kí ó fi han gbogbo kíláàsì, kí ó sì jẹ́ ifin. Kí ni ìṣeéṣe pé ifin ni ó wà lọ́wọ́ òsì? Ariwo ni yóò sọ: wọn yóò ní ìdajì, nítorí pé èyí tí a mú lẹ́yìn kò lè pa èyí tí a mú ṣáájú lára. Òótọ́ ni pé kò lè pa á lára. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé ifin kan kò sí lọ́wọ́ òsì, ó wà lójú gbogbo ayé. Obì mẹ́ta ni ó kù tí ọwọ́ òsì lè di ọ̀kan nínú wọn mú, ifin kan àti ipa méjì. Ìdá 1 nínú 3 ni. Ọjọ́ tí èyí bá yé ọmọ ni yóò mọ̀ pé ìṣeéṣe oníkání kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ohun kan fa ohun kejì, ọ̀rọ̀ ohun tí ìmọ̀ kan ń ṣe sí ìmọ̀ mìíràn ni. Yóò sì padà sídìí àjẹ́ tí ó ké lánàá pẹ̀lú ojú mìíràn. Kọ́bọ̀ àti dáìsì, pẹ̀lú gbogbo ìmọ́gaara wọn, kò lè kọ́ ọ ní èyí láéláé, nítorí pé wọn kì í sọ nǹkan kan fún wa nípa ara wọn.

Ìdàrúdàpọ̀ mìíràn tí òfin méjì yìí bí, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ púpọ̀ ni ó gbà pé àwọn ohun tí kò lè bá ara wọn ṣẹlẹ̀ jẹ́ ohun tí ó dá dúró, nítorí pé lójú wọn, kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́. Bí ọmọ tí a bí bá jẹ́ SS, kò lè jẹ́ AA mọ́. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan ti mọ èkejì tán, kò sì sí ìsopọ̀ tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan ń fi ọlá ìwé ńláńlá dá mi lóhùn. Wọ́n ní Kolmogorov ará Rọ́ṣíà, tí ó fi ìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀ ní 1933, gbé ìṣeéṣe lásán kalẹ̀ ṣáájú, oníkání sì tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ètò tí a fi ń ṣe ẹ̀rí fún àwọn àgbà onímọ̀ kì í ṣe ètò tí a fi ń la ojú ọmọdé, Kolmogorov kan náà sì wí nínú ìwé yẹn pé ìdádúró ni ó wà ní ipò àárín nínú ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe, kò fi í ṣe ohun tí a ń gbà láìbéèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ọjọ́ orí, àròkọ àlùfáà Thomas Bayes lórí oníkání ti jáde ní 1763, lẹ́yìn ikú rẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Price, ní 170 ọdún ṣáájú ìwé Kolmogorov.

Ti ìdánwò ni ó kù, òun sì ni ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ olùkọ́: wọ́n ní ohun tí a kò bá béèrè nínú ìdánwò, ọmọ kò ní kọ́ ọ. Mo gbà, nítorí náà kí á béèrè rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé ìlànà ìṣirò fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ẹ mú ìṣeéṣe oníkání jáde láti inú Further Mathematics, kí ẹ gbé e ka iwájú ìsọdipúpọ̀ nínú ìṣirò gbogbogbòò. Mo sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ má dúró de ìwé ìlànà: láti táàmù yìí lọ, bí ìbéèrè bá ní kí ọmọ fi ìṣeéṣe kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ bi í ná pé kí ni ó fi mọ̀ pé ohun méjèèjì dá dúró, kí ẹ má sì fún un ní máàkì kankan títí yóò fi dáhùn.